Ṣé lóòótọ́ ni pé ìgbẹ́ ẹlòmíì lè wo àtọ̀gbẹ? Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀

Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo gbé wá. Ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri ní Òṣogbo níbí pé àwọn òyìnbó ti rí oògùn ṣúgà, pé wọ́n kàn máa gba ìgbẹ́ ẹni tára ẹ̀ le, wọ́n á gbé e sínú ẹni tó ní ṣúgà, ó parí nìyẹn, ẹni náà ò ní lo oògùn mọ́. Àwọn kan gbọ́ ọ wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní irọ́ ńlá ni, àwọn kan sì gbà á gbọ́ pátápátá débi pé wọ́n ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn, torí òótọ́ wà nínú ẹ̀, wọ́n ń fi ìgbẹ́ wo àìsàn lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ àìsàn tó ń ṣiṣẹ́ fún yẹn, àtọ̀gbẹ kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn nìyẹn.

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí bí ìgbẹ́ ṣe fẹ́ rí tó máa kó mi nírìíra mọ́. Ẹ bá wá wo bí àwọn èèyàn ṣe máa ń gbé e wá! Ẹlòmíì á ki ìgò kékeré tá a fún un bọnú nylon dúdú, á ki nylon yẹn bọnú òmíì, á tún fi ìwé ìròyìn wé e, á wá nà án sí mi láì wojú mi, àfi bíi pé òun nìkan ló ń yàgbẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Tí n bá wá mú bíńtín níbẹ̀, tí mo fi omi iyọ̀ pò ó lórí gíláàsì tí mo gbé e sábẹ́ microscope, ẹyin aràn àti amíbà ni mò ń wá, àmọ́ bakitéríà ló máa ń kún ojú mi, àwọn kan gùn, àwọn kan rí róbótó, wọ́n ń ta, wọ́n ń yí, wọn ò lóǹkà.

Lọ́dún 2016 àwọn onímọ̀ kan ní Weizmann Institute ní Ísírẹ́lì gbìyànjú láti ṣírò iye wọn, wọ́n ní ọkùnrin tó wọn kílò 70 máa ní bíi tírílíọ̀nù 38 bakitéríà lára, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tara ẹ̀ gan-an jẹ́ bíi tírílíọ̀nù 30. Àwọn ló pọ̀ jù nínú ara tiwa! Ṣùgbọ́n wọ́n kéré débi pé tí ẹ bá kó gbogbo wọn sórí ìwọ̀n, gbogbo ẹ̀ ò ju bíi gíráàmù 200 lọ. Ìfun ńlá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé, oúnjẹ tí kò dà nínú wa ni wọ́n sì ń jẹ níbẹ̀, àwọn nǹkan bí èèpo ẹ̀wà àti okùn inú ẹ̀fọ́ tí àwọn dókítà ń pè ní fáíbà. Tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di oríṣiríṣi ásíìdì, ọ̀kan nínú ẹ̀ ń jẹ́ butyrate, òun ni ògiri ìfun wa fi ń ṣe oúnjẹ. Àwọn ásíìdì yìí tún máa ń jẹ́ kí ìfun tú họ́mọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní GLP-1 síta, òun ló ń ta pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, lólobó pé oúnjẹ ti wọlé, kó tú insulin jáde, ohun tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Abẹ́rẹ́ tí àwọn olówó ń gún káàkiri báyìí kí wọ́n lè rù, GLP-1 yìí náà ni abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣe bíi tiẹ̀. Ẹ̀yin náà ti ń rí i báyìí pé ó nídìí tí àwọn onímọ̀ fi lọ ń tú inú ìgbẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ṣúgà.

Ṣúgà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Type 2 ló pọ̀ jù láàárín wa, insulin wà lára onítọ̀hún, àmọ́ ara ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣúgà á wá kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Type 1 ní tiẹ̀ sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, ohun tó yẹ kó máa gbógun ti àrùn nínú ara ló ṣìnà, tó lọ ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin nínú pancreas, tí insulin á fi tán pátápátá. Ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn, a máa tó dé ibẹ̀.

Lọ́dún 2012, wọ́n yẹ ìgbẹ́ èèyàn 345 wò ní Ṣáínà, àwọn tó ní type 2 àtàwọn tí ò ní, wọ́n sì rí i pé àwọn bakitéríà tó ń ṣe butyrate yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn tó ní ṣúgà. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, lọ́dún 2015 àwọn míì wá fi hàn pé metformin, oògùn tí gbogbo ẹni tó ní ṣúgà mọ̀ bí ẹni mowó, òun fúnra ẹ̀ máa ń yí bakitéríà inú padà! Ó wá já sí pé lára ìyàtọ̀ tí wọ́n ń rí nínú ìgbẹ́ àwọn aláìsàn, oògùn tí wọ́n ń lò ló fà á, àìsàn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Nítorí náà kéèyàn kàn yẹ ìgbẹ́ wò kó ní òun ti mọ ohun tó fa ṣúgà, kò tíì tó, àfi kó yí bakitéríà yẹn padà fúnra ẹ̀, kó wá wo bóyá ṣúgà máa tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe dórí gbígbé ìgbẹ́ ẹnì kan sínú ẹlòmíì nìyẹn.

Ọ̀nà yẹn kì í ṣe tuntun ṣá o. Ó ti lé ní 1,600 ọdún tí oníṣègùn kan ní Ṣáínà, Ge Hong, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹni tí oúnjẹ olóró fẹ́ pa ní omi ìgbẹ́ mu. Lọ́dún 1958, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Ben Eiseman, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, fi í wo aláìsàn 4 tí ìgbẹ́ gbuuru ti fẹ́ gbẹ̀mí wọn. Irú ìgbẹ́ gbuuru yẹn, kòkòrò kan tó ń jẹ́ C. difficile ló sábà máa ń fà á, ẹni tó ti lo antibiotics púpọ̀ ló máa ń rí jà, torí antibiotics á ti pa àwọn bakitéríà tó ń dí i lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, á wá ráyè pọ̀ bó ṣe wù ú. Tí wọ́n bá lo oògùn fún un á lọ, tó bá yá á tún padà. Lọ́dún 2013 àwọn dókítà ní Amsterdam, ní Netherlands, wá gbé e yẹ̀ wò dáadáa: èèyàn 16 gba ìgbẹ́ ẹlòmíì, 13 ni ara wọn yá lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn 2 míì yá nígbà tí wọ́n tún un ṣe. Èèyàn 13 míì tó jẹ́ pé oògùn vancomycin nìkan ni wọ́n fún, 4 péré ló bọ́ nínú ẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ débi pé wọn ò jẹ́ kí ìwádìí náà parí tí wọ́n fi dá a dúró.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ni mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ fúnni ní ìgbẹ́ á gbé e wá ní tútù lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n á da mílílítà 500 omi iyọ̀ tí wọ́n ti pa kòkòrò inú ẹ̀ sí i, wọ́n á rò ó, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á da ìdọ̀tí ẹ̀ nù, omi ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa lò. Aláìsàn ní tiẹ̀ á ti mu lítà 4 omi tó máa fọ inú ẹ̀ mọ́ tónítóní ṣáájú. Wọ́n á wá ti rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú ẹ̀ wọlé, á gba ọ̀nà ọ̀fun, á kọjá àpò oúnjẹ títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, ibẹ̀ ni wọ́n á máa fi síríńjì ti omi yẹn sí díẹ̀díẹ̀, kò ní tọ́ ọ wò lẹ́nu rárá. Lọ́jọ́ yẹn inú á máa kùn, á máa gùn ún, ìgbẹ́ gbuuru á máa yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì kẹta gbogbo ẹ̀ á ti rọlẹ̀. Ní báyìí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn méjì tí wọ́n ń fi bakitéríà inú ìgbẹ́ ṣe, Rebyota lọ́dún 2022 tí wọ́n ń gbà sí ìdí, àti Vowst lọ́dún 2023 tó jẹ́ kápúsù. C. difficile tó ń lọ tó ń bọ̀ nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí méjèèjì fún. Ẹni tó bá fi Vowst han yín tó ní oògùn ṣúgà ni, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ó yá, ṣúgà wá kàn. Amsterdam yẹn náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò dáadáa, lọ́dún 2012. Ọkùnrin 18 tó sanra ni wọ́n kó jọ, ara wọn ti ń ṣe orí kunkun sí insulin, àmọ́ wọn ò tíì ní àtọ̀gbẹ, wọn ò sì lo oògùn kankan (èyí ni àwọn tó ń tan ìròyìn kálẹ̀ kì í sọ). Wọ́n fún àwọn 9 ní ìgbẹ́ ọkùnrin tí ò sanra, wọ́n dá ìgbẹ́ tara wọn padà sínú àwọn 9 tó kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, àwọn tó gba ti ẹlòmíì, ara wọn ti ń gbọ́ràn sí insulin dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn bakitéríà tó ń ṣe butyrate sì ti pọ̀ sí i nínú wọn. Wọn ò rù rárá o, bí wọ́n ṣe sanra náà ni wọ́n wà. Ìròyìn yẹn lọ káàkiri ayé, bóyá òun náà ló rìn títí tó fi dé Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí.

Èyí tí kò rìn tó bẹ́ẹ̀ ni ti ọdún 2017. Àwọn èèyàn yẹn kan náà tún un ṣe pẹ̀lú ọkùnrin 38. Ní ọ̀sẹ̀ 6, ó tún dáa. Ní ọ̀sẹ̀ 18, gbogbo ẹ̀ ti lọ, ara wọn ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, bakitéríà náà ti padà sí bó ṣe wà. Ní ọ̀sẹ̀ 6 yẹn gan-an, kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́ fún, àwọn tí oríṣi bakitéríà inú wọn ti kéré tẹ́lẹ̀ ló sàn fún jù.

Kí ló wá dé tó fi mú C. difficile tí ò mú eléyìí? Ayálégbé ni àwọn bakitéríà tuntun yẹn. Ẹni tó ní C. difficile, antibiotics ti lé gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé yẹn jáde, yàrá ṣófo, ayálégbé tuntun dé ó rí àyè tẹ́ ẹní. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanra tí ṣúgà ń bọ̀ wá mú, ilé ẹ̀ kún fọ́fọ́, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ogún ọdún ò lọ síbì kankan, oúnjẹ tó ń wọlé lójoojúmọ́, àwọn ló bá lára mu, ayálégbé tuntun á fara dà á díẹ̀ á kó ẹrù ẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá yé yìí ti yé gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, tí wọ́n máa ń wá yẹ ṣúgà wọn wò lọ́dọ̀ wa, pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣebí ọmọ ọmọ mi wà nílé, ọmọ ọdún méje, ara ẹ̀ dá ṣáṣá, ṣé a ò lè lo tiẹ̀ báyìí?”

Mo ní, “Háà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dán an wò.”

Wọ́n ní, “Kí ló dé? Àbí tiẹ̀ kì í ṣe ìgbẹ́ ni?”

Ìgbẹ́ ni mà, ohun tó wà nínú ẹ̀ tí ojú ò rí ló ń bà mí lẹ́rù. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ ọmọ tó ń fò sókè fò sódò. Èèyàn lè máa gbé táífọ́ọ̀dù kiri láì ṣàìsàn, ó lè gbé amíbà, ó lè gbé hepatitis, ó sì lè gbé bakitéríà tí oògùn ò ràn mọ́, kó máa jẹun kó máa sùn kó máa ṣeré. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fẹ́ fúnni wò, wọ́n á yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò, wọ́n á bi í léèrè oògùn tó lò, ibi tó rìnrìn àjò lọ, àìsàn tó wà nínú ìdílé ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n máa ń dá padà. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2019 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé aláìsàn méjì tí ara wọn ò lágbára gba ìgbẹ́ ẹnì kan náà, E. coli tí oògùn ò ràn wà nínú ẹ̀, àwọn méjèèjì ṣàìsàn gan, ọ̀kan kú. Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò yẹn kí wọ́n tó lò ó. Tí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí láàbù ti pé, kí lẹ fẹ́ sọ nípa ẹni tó fẹ́ fi blender po ti ọmọ ọmọ ẹ̀ nínú kíṣìnnì?

Type 1 tí mo ní ká fi sọ́kàn wá dé o, ìyàlẹ́nu ni tiẹ̀. Àwọn ará Amsterdam náà ló ṣe é, àbájáde ẹ̀ jáde nígbà kòrónà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 30 ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 6 tí wọ́n mọ̀ pé àwọ́n ní type 1, tó fi jẹ́ pé insulin díẹ̀ ṣì kù lára wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní ìgbẹ́ ẹni tára ẹ̀ le, wọ́n dá tara wọn padà fún àwọn kan, gbogbo èèyàn ló rò pé ti ẹlòmíì ló máa ṣiṣẹ́. Ọdún kan kọjá, wọ́n wò ó, àwọn tí wọ́n dá ìgbẹ́ ara wọn padà sínú wọn ni insulin ara wọn dúró sójú kan jù! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n da bakitéríà yẹn sí, lókè ìfun níbi tí kì í gbé tẹ́lẹ̀, ló tu ara lójú, tó sì jẹ́ pé ara mọ bakitéríà tiẹ̀ ju ti àlejò lọ. Èèyàn bíi 20 péré ni wọ́n ṣe é fún ṣá, gbogbo wọn ló sì ṣì ń gún insulin, kò sẹ́ni tó bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní type 1 tó fi insulin sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ikú ló ń fi ṣeré, kì í pẹ́ rárá.

Àwọn ará Hong Kong náà gbé tiwọn jáde lọ́dún 2022, àwọn tiwọn ní type 2 tòótọ́, wọ́n sì sanra. Wọ́n ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n tún ní kí àwọn kan yí oúnjẹ padà kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá mọ́ ọn. Bakitéríà tuntun dúró dáadáa nínú wọn, àwọn tó sì yí oúnjẹ padà mọ́ ọn, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn àti ẹ̀dọ̀ wọn ló hàn lára ẹ̀. Ẹ ti rí i pé a tún ti padà sídìí oúnjẹ.

Torí oúnjẹ yẹn gan-an ló pinnu ẹni tó máa gbé inú ìfun. Lọ́dún 2018 ní Ṣáínà, wọ́n fún àwọn tó ní type 2 ní oúnjẹ tó kún fún oríṣiríṣi fáíbà, àwọn bakitéríà tó ń ṣe butyrate pọ̀ sí i nínú wọn, ṣúgà wọn sì wálẹ̀ ju ti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n máa ń júwe fún gbogbo aláìsàn. Wọ́n tún wá gbé ìgbẹ́ wọn sínú eku tí ò ní bakitéríà kankan, eku tó gba ti àwọn oní-fáíbà, ara ẹ̀ ló kojú ṣúgà dáadáa jù. Ìgbẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ ti ara ẹni ni wọ́n tún ṣe, láti ẹnu.

Ní Òṣogbo níbí, fáíbà ò wọ́n: ẹ̀wà tí wọn ò bó, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ilá, ìgbá tí wọ́n ń tà lójú títì. Àmàlà ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní ṣebí èlùbọ́ dúdú ni, dúdú tàbí funfun, tó bá ti tó òkìtì, ṣúgà á gòkè. Irú àti ògì kíkan náà ńkọ́, tí wọ́n ń sọ pé bakitéríà dáadáa kún inú wọn? Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ti sè é, ooru ti pa ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ jẹ irú yín torí ó dùn. Ẹni tó bá sì ń jẹ metformin kó má tìtorí ẹ̀wà dá a dúró, ńṣe ni kó máa jẹ ẹ́ lọ títí dókítà ẹ̀ á fi sọ nǹkan míì.

Ohun kan tún wà tó ń ba bakitéríà inú wa jẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ: antibiotics tí à ń rà bíi gúgúrú. Inú run ẹnì kan lálẹ́, ó ti dé kẹ́mísì láàárọ̀, “ẹ fún mi ní Flagyl,” ọ̀fun ń dùn ún, “ẹ fún mi ní Ampiclox mẹ́rin,” mẹ́rin o, kò tilẹ̀ ra èyí tó pé. Ẹni yẹn ló tún máa wá bi mí léèrè ibi tí wọ́n ti ń ta bakitéríà dáadáa.

Tí ẹnì kan bá wá gbé kápúsù kan síwájú yín, tàbí tó ní òun lè ṣe é fún yín ní yàrá òun, ẹ bi í pé ìgbẹ́ ta ni, àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe fún un, èwo ni àbájáde ẹ̀ lórí ìwé. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, ẹ dìde. Tẹ́nì kan bá sì ti ṣe é tán kẹ́ ẹ tó ka èyí, tí ara ẹ̀ bá ń gbóná, tí inú ń gún un tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ ẹ̀, kó gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn, ì báà jẹ́ UNIOSUN Teaching Hospital tàbí ti ìjọba ní Asubiaro, kó má sì fi ojú tì, kó sọ ohun tó ṣe gan-an fún dókítà, torí tí dókítà ò bá mọ̀, màláríà ló máa kọ́kọ́ tọ́jú.